Ọdún Tí A Kò Kí Ara Wa Lórí Fóònù

Ìyá mi kì í pe èèyàn lórí fóònù láìkí i tán. Ní Kpingni, abúlé tó ń gbé, rẹ́só, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, kì í wọ inú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù rẹ̀ gbọ́rọ̀ gbọ́dọ̀ gun àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń lọ jókòó sí nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò sì bẹ̀rẹ̀: ṣé ara mi le, ṣé ara ọkọ mi le, àwọn ọmọ ńkọ́, èyí tó ń húkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́, ìyá ọkọ mi ńkọ́, orúnkún tó ń dùn wọ́n ńkọ́, ọjà ńkọ́, aládùúgbò mi tó bímọ ńkọ́. Kó tó kan ọ̀rọ̀ tó tìtorí rẹ̀ pè, owó inú fóònù ti tán.

Ọkọ mi, Mùsùlùmí ni, ó ń ta bàtà nínú ọjà Dassa, ìlú tí a ń gbé, níbi tí èmi náà ti ń ta ọṣẹ. Ó máa ń sọ pé ìyá mi ń pe orúkọ wa bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì láàárọ̀. Èmi náà máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n inú ìkíni yẹn ni mo ti ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Tí mo bá bi ìyá mi pé ara ńkọ́, tó sì yára dáhùn pé a dúpẹ́, mo mọ̀ pé ara rẹ̀ dá. Tó bá kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi tọ́jú ìsọ̀ kí n lè lọ sílé.

Àrùn kòrónà dé. Wọ́n ní ká bo imú, ká fọwọ́, ká má bọ ara wa lọ́wọ́. Àwa tí a ń ta ọṣẹ kò kọ̀ ọ́, ọjà wa yá. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ èdè Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ fóònù gbogbo wa láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀. Fóònù ìyá mi, tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ń pè é, wá ń dún ṣáá tó bá ti gbé e gun àpáta. Ìyá mi ò kàwé. Ó ní kí ẹnìkan bá òun bẹ ẹni tó ń pe òun yẹn, kó má bínú, òun kò gbọ́ èdè rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ẹ̀rín tán lọ́jọ́ tí wọ́n pe ọkùnrin kan ní Kpingni. Ó ti Cotonou dé nínú ọkọ̀ akérò, ó sì ti padà sóko. Ó ń kọ ebè lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ó kọ́kọ́ sọ Faransé, ó tún un sọ ní Fọ̀n. Ó pe orúkọ ọkùnrin náà àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ó sọ ọkọ̀ tó wọ̀ fún un, ó sì sọ ibi tó jókòó sí nínú ọkọ̀ náà. Ó ní ẹni tó jókòó tì í ti wà nílé ìwòsàn, kó má kúrò nílé, àwọn ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ funfun kan dé, àwọn èèyàn tó wọ aṣọ tó bò wọ́n látorí dé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ lójú ìyàwó rẹ̀. Kò kú. Ó padà wá, ó kàn rù díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó bá a jẹun pọ̀ mọ́, àwọn obìnrin sì máa ń yà sínú koríko tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tó jókòó sí? Bóyá awakọ̀ ló sọ. Títí di òní, mi ò mọ̀. Ní Kpingni, wọ́n ní fóònù ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Fòfó ni mo ń pè é bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n níbí, ló ń gbé pẹ̀lú ìyá mi láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àáró wọn, àwọn tó máa ń dara pọ̀ kọ ebè, lónìí nínú oko ẹni yìí, lọ́la nínú oko ẹni yẹn. Fòfó kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ka ìwé díẹ̀, ó sì máa ń ro ọ̀rọ̀ dé ìdí. Òun ló pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sábẹ́ igi kajú lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ wá tún sọ fún mi nígbà tó wá sí Dassa.

"Wọn ò nílò amí kankan. Àwa fúnra wa là ń ròyìn fún wọn. Tí a bá gbé pọ́tábù, fóònù ọwọ́ wa yìí, kí la máa ń kọ́kọ́ sọ? Orúkọ ara wa. Ta ló wà nílé, ta ló rìnrìn àjò, ta lara rẹ̀ ń gbóná, ta ló ń húkọ́. A rò pé a ń kí ara wa. Ẹni tó ń gbọ́ ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

Mo ka ìkíni ìyá mi lọ́kàn, gbogbo ohun tó sọ yẹn ló wà nínú rẹ̀.

Òfin tí wọ́n ṣe rèé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí èèyàn lórí fóònù mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ, kò gbọ́dọ̀ sọ ibi tó wà, kò sì gbọ́dọ̀ béèrè ara. Fóònù ò sì gbọ́dọ̀ sùn nílé olówó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó sínú agbọ̀n kan tó ní ìdérí, agbọ̀n náà á sì máa bá ẹgbẹ́ àáró kiri láti oko dé oko, kí ẹni tó ń ṣọ́ wọn má bàa mọ ilé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé. Fóònù èyíkéyìí tó bá dún, ẹni tó bá sún mọ́ agbọ̀n ni yóò gbé e. Ìyá mi kò roko mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gba tirẹ̀ náà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe ìyá mi lẹ́yìn òfin yìí, ọkùnrin kan ló gbé e.

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Mo wo ojú fóònù mi bóyá mo ti tẹ nọ́ńbà mìíràn. Nọ́ńbà ìyá mi ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Sọ ọ̀rọ̀ rẹ."

"Ìyá mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

"Ó wà. Gbogbo nǹkan dáa." Ó pa á.

Mo jókòó sórí àpótí ọṣẹ. Mo mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ Fòfó ni. Bóyá mo tilẹ̀ ti bá ọkùnrin náà jẹun rí níbi ìgbéyàwó kan. Ṣùgbọ́n kí n pe ìyá mi, kí ohùn tí kò lórúkọ sì sọ fún mi pé ó wà, ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ fún.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé àwa ará ìlú gbọ́n jù wọ́n lọ. Ohùn kan wà tí ẹnìkan gbà sílẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù ní Dassa nígbà náà, ó ní fóònù méjì tó bá ti sún mọ́ra máa ń dárúkọ ara wọn fún ìjọba, tí ọ̀kan nínú àwọn olówó wọn bá sì ní àrùn náà, wọ́n á wá gbé ìkejì. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù sílẹ̀ nílé kí wọ́n tó wá ra ọṣẹ. Ọkọ mi tó ń fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ wá ohun kan tó lẹ̀, ó fi dí ojú kámẹ́rà fóònù rẹ̀. Tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń húkọ́ ládùúgbò, a ó kó fóònù wa méjèèjì sínú agolo ẹ̀wà, a ó dé e, a ó sì wá máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí olè. Mo mọ̀ pé kò bójú mu. Mo ṣe é lójoojúmọ́.

Mo sì ń pe nọ́ńbà ìyá mi lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn ohùn obìnrin ló ń dáhùn, nígbà mìíràn ohùn ọkùnrin, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ó wà, gbogbo nǹkan dáa. Mo fẹ́ lọ wò ó. Fòfó ránṣẹ́ pé wọ́n ti fi igi dí ọ̀nà Kpingni, pé wọn ò gba ará ìlú wọlé, nítorí ìlú ni àrùn wà. Mo sọ fún ara mi pé tí nǹkan kan bá ṣe ìyá mi, wọ́n á sọ fún mi. Mi ò rò ó pé òfin wọn ti sọ ọ́ di èèwọ̀ láti sọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo pè, ẹnìkan gbé e, ó sì kí mi.

Ó kí mi ní ìkíni tòótọ́. "O kú ọjọ́ mẹ́ta o, ọmọ Ìyá. Ilé ńkọ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ọjà ńkọ́? A ò gbúròó yín mọ́." Mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀, ọkùnrin tí ọkọ̀ funfun gbé lọ nígbà kan ni. Wọ́n ti fi í ṣọ́ agbọ̀n nígbà tí àwọn tó kù ń jẹun, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jẹun, wọ́n sì ní kò sí ohun tí fóònù tún lè sọ nípa rẹ̀ tí wọn ò tíì mọ̀ ní Cotonou. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí òun fúnra rẹ̀. Kò fẹ́ kó tán. Ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dá a lóhùn, omi ń bọ́ lójú mi láìmọ ìdí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé:

"O kú ìtọ́jú Ìyá o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Wọn ò ní pẹ́ dìde."

Ó rò pé mo mọ̀. Ìkíni tí a ń kí ẹni tó ní aláìsàn nílé ló ń kí mi, nítorí kò sí bí ó ṣe máa kí ọmọ aláìsàn kó má fi kún un.

Mo bi í pé ọjọ́ wo ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù bà á lójijì, ó sì pa fóònù.

Mo ti ìsọ̀. Mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, mo yà sọ fún ọkọ mi níbi tó ti ń ta bàtà. Nígbà tí èmi àti awakọ̀ dé ibi tí wọ́n fi igi dí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì dìde. Mo mọ ìyá ọ̀kan nínú wọn dáadáa, mo sì sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ fún un, mo ní kí awakọ̀ dúró dè mí, mo sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí igi náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Wọ́n ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan ará ìlú.

Ìyá mi wà lórí ẹní nínú yàrá, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Mímí rẹ̀ ń dún bí igi tí wọ́n ń wọ́ lórí àpáta. Ó pẹ́ kó tó dá mi mọ̀ pẹ̀lú ìbòmú tí mo wọ̀.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí ni mo ṣe ọ́ tí o kò fi pè mí mọ́?"

Mo sọ fún un pé ojoojúmọ́ ni mo ń pè. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Òótọ́ sì ni. Inú agbọ̀n ni ìpè mi ń parí sí. Ó ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà tí ibà ti dé sí i, ó sì ń ronú ohun tí òun fi ṣẹ̀ mí.

Mo jáde bá Fòfó ní àgbàlá. Mo ti kó èébú jọ láti Dassa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò jáde.

"Tí a bá gbé Ìyá lọ sílé ìwòsàn, nọ́ńbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè," ó ní. "Wọ́n á mú wọn lọ síbi tí a ò lè dé. Tí Ìyá bá kú, wọ́n á fi rọ́bà dì wọ́n, àwọn àjèjì á sì sin wọ́n síbi tí a ò mọ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n sin ìyá wa láìwẹ̀ wọ́n ni?"

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Mi ò gbọ́ kí ohùn Fòfó gbọ̀n rí, kódà níbi òkú bàbá wa. Ó yíjú sí ògiri, ó húkọ́. Ó tún húkọ́, ó fi apá bò ó mọ́lẹ̀, ó sì wojú mi bóyá mo gbọ́. Mo gbọ́.

"Àwa méjèèjì ò ní wẹ òkú wọn lónìí," mo ní. "Mò ń gbé wọn lọ."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé wọn lọ, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ ilé yìí. Kí n sọ pé ọ̀dọ̀ mi ní Dassa ni Ìyá ń gbé. "Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́. Má dárúkọ ẹnì kankan níbí."

Mo yíjú wọ inú yàrá láti gbé Ìyá. Ó rò pé mo gbà.

Mo fi ìró mi so ìyá mi mọ́ ara mi lórí zẹ́mì, awakọ̀ níwájú, ìyá mi láàárín, èmi lẹ́yìn. Ooru ara rẹ̀ ń wọ inú aṣọ mi. Awakọ̀ náà fa ìbòmú rẹ̀ dé ìdí ojú, kò sì bi wá ní nǹkan kan títí a fi dé.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde wá. Ó fi ike bo ojú, ó sì di ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan mú tó ń fi ìka tẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá mi, ó kí i dáadáa.

"Ìyá, kí ló ń ṣe yín?"

Ìyá mi wo ẹ̀rọ náà. "Ara le," ó ní, mímí rẹ̀ sì ń dún. "Gbogbo nǹkan dáa."

Nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ rẹ̀. Ìyá mi di ojú rẹ̀ méjèèjì, kò sọ ọ́. Ìgbà náà ni ẹ̀rù tòótọ́ bà mí, ju ti àrùn lọ. Ìyá mi ń kú lọ, ó sì ń pa òfin mọ́.

Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Nọ́ọ̀sì padà wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé àrùn yẹn ni. Ta ló ń bá wọn gbé? Ta ló ń fún wọn lóúnjẹ? Ó yẹ ká rí àwọn yẹn kíákíá kó tó wọ̀ wọ́n lára."

"Tí mo bá sọ ọ́, ibo ló ń lọ?"

"Ó ń lọ sí Cotonou."

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

Ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì wo ojú mi. Kò purọ́ fún mi. "Èmi náà ò mọ̀," ó ní.

Mo rántí bí Fòfó ṣe fi apá bo ikọ́ rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, yóò fara pamọ́ sínú oko títí mímí rẹ̀ yóò fi máa dún bíi ti ìyá wa. Mo dárúkọ rẹ̀. Mo dárúkọ ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀. Mo sọ ọ̀nà tó dé ilé náà láti ojú títì, mo sọ oko tí ẹgbẹ́ àáró wà lọ́sẹ̀ yẹn, mo sọ bí agbọ̀n ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Gbogbo ohun tí Fòfó ti kó kúrò lẹ́nu abúlé wa ni mo kó sínú ohun kan tí mi ò mọ olówó rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ padà.

Ìyá mi yè. Fòfó náà yè. Mo tètè sọ ìyẹn, kí ẹ lè gbọ́ èyí tó kù láìbẹ̀rù fún wọn, nítorí kì í ṣe fún wọn ni ẹ̀rù ń bà mí mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sí Kpingni láti mú ìró àti bùbá ìyá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹrù náà tán ni ọkọ̀ funfun dé. Wọn ò ṣìnà, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n dúró síwájú ilé wa, wọ́n sì pe orúkọ Fòfó ní kíkún, wọ́n pe ti ìyàwó rẹ̀, wọ́n pe ti àwọn ọmọ. Gbogbo abúlé jáde, wọ́n dúró sókèèrè. Fòfó jáde síta, ojú rẹ̀ pupa nítorí ibà. Kò bá wọn jà.

Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ àáró ló béèrè. "Ta ló sọ fún wọn?"

Mo rí i bí ojú wọn ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ mi, èmi ará ìlú tó gbé ìyá lọ lánàá. Mo di ẹrù mọ́ àyà. Fòfó náà wò mí. Ó mọ̀. Mo rí i kedere pé ó mọ̀, nítorí ó wò mí bí ó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá fọ́ nǹkan nílé bàbá wa nígbà tí a wà lọ́mọdé.

"Pọ́tábù ni," ó sọ fún wọn. "Èmi ni mo fà á. Mo kí ẹnìkan."

Ó wọ inú ọkọ̀. Obìnrin tó dúró tì mí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì ń mi orí, ó ń bi ara rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá Fòfó mọ̀ọ́mọ̀ kí ẹni náà ni àbí ó gbàgbé òfin. Bàbá àgbàlagbà náà lọ síbi tí agbọ̀n wà, ó ṣí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bátìrì fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ ti ìyá mi náà. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìyá mi lọ́wọ́, mi ò sì sọ pé èmi ni.